Bí ẹ ṣe lè yan àdúgbò tí ẹbí yín máa gbé l'Abẹ́òkúta: owó, ààbò àti ìṣèlú

Ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń kó láti Èkó wá sí Abẹ́òkúta, owó ilé nìkan ni wọ́n fi ń yan ibi tí wọ́n máa gbé. Wọ́n á gbọ́ pé owó tí wọ́n fi ń gba yàrá kan l'Èkó lè gba fúláàtì l'Abẹ́òkúta, wọ́n á sanwó, wọ́n á kẹ́rù. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí kànga gbẹ, tàbí tí àgbàrá bá gbé ọ̀nà lọ, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń mọ iye tí ilé náà jẹ́ gan-an. Àwọn ìgbésẹ̀ yìí wà kí ẹ lè mọ iye yẹn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àdúgbò lẹ ń yàn, kì í ṣe ìlú. Òpópónà méjì tó fara kanra l'Abẹ́òkúta, ọ̀kan lórí àpáta, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ìgbé ayé ibẹ̀ kì í jọra rárá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ jókòó sílé kí ẹ tó wá ilé

Ẹ mú ìwé kan, kí bàbá àti ìyá jọ kọ nǹkan mẹ́ta sí i.

Àkọ́kọ́ ni ibi tí iṣẹ́ wà. Bí ẹnì kan nínú yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́ l'Èkó, ẹ ka iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ lọ lọ́sẹ̀. Ẹ bèèrè owó mọ́tò lọ-bọ̀ ní gáréèjì Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta, ẹ fi iye ọjọ́ yẹn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì tún fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀ kí ó lè di ti oṣù kan. Ẹ fi owó tí ẹ fẹ́ dín kúrò nínú owó ilé wé e. Ní tiwa, bí ọjọ́ náà bá ti ju mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀, èrè kíkó wá ti tán nìyẹn, àfi bí ẹni náà bá rí ibi sùn sí l'Èkó láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́bọ̀. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ń dúró l'Abẹ́òkúta, ní ibùdókọ̀ Wole Soyinka tó wà ní Ládérìn, ó sì dára fún ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ ló ń lọ lóòjọ́, Ládérìn náà kò sí láàárín ìlú, ẹ ó tún wọ mọ́tò mìíràn kí ẹ tó délé. Ẹ wo àkókò tí ọkọ̀ ojú irin ń gbéra ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń ṣètò yìí, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ ojoojúmọ́ lé e lórí.

Èkejì ni kíláàsì tí àwọn ọmọ wà. Ọmọ tó ń wọ SS3 kò yẹ kó yí ilé ìwé padà, torí pé nọ́ńbà WAEC àti máàkì ìdánwò inú kíláàsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé ìwé tó ti wà tẹ́lẹ̀. JSS3 náà ń fẹ́ ìṣọ́ra nítorí ìdánwò àṣejáde. Ọmọ yòókù lè kó nígbàkigbà, àmọ́ oṣù keje sí oṣù kẹjọ ló rọrùn jù, torí pé oṣù kẹsàn-án ni sáà tuntun ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àìsàn tó wà nílé. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, tàbí tí oyún bá wà, ẹ má lọ gbé ibi tí ẹ kò ti lè dé ilé ìwòsàn láàárín òru. Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Abà, ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè. Ẹ fi àwọn méjèèjì yìí wọn gbogbo àdúgbò tí ẹ bá lọ wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ bí ìlú ṣe pín

Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló ni àárín ìlú: Gúúsù Abẹ́òkúta tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Aké, àti Àríwá Abẹ́òkúta tí tirẹ̀ wà ní Akòmọ́jẹ. Ṣùgbọ́n ìlú ti gbòòrò kọjá méjèèjì. Ọ̀bàntókò, Òṣíẹ̀lẹ̀ àti Alábàtà tí FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀) wà bọ́ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá. Kóbapẹ́ wà lábẹ́ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Èyí ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ lẹ ó ti máa wá ẹni tó máa tún ọ̀nà ṣe, ibẹ̀ lẹ ó sì ti máa dìbò.

Ìlú àtijọ́ tó yí Olúmọ ká, bí Ìtòkú, Ìkìjà, Ìjẹmọ̀ àti Aké, sún mọ́ ọjà, owó mọ́tò ibẹ̀ kéré. Àmọ́ ilé àjọgbé pọ̀ níbẹ̀, ààyè ìgbọ́kọ̀sí kò sí, ọ̀nà sì tóóró. Ìbarà GRA àti agbègbè Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, ni ibi olówó. Àwọn tó ń gba owó oṣù déédéé pọ̀ ní Aṣerò, Ìdí-Abà, Oníkòlóbó àti Adìgbẹ́. Bí ẹ bá jáde lọ sí Olómoore, Ìta-Òṣìn, Ìbẹ̀rẹ̀kòdó tàbí ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀, owó ilé máa ń wálẹ̀, owó mọ́tò á gòkè. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, bíi Kàm̀pù, ọ̀nà Alábàtà àti Ojérè, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ẹbí tó ní ọmọ kékeré mu: ariwo pọ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì kọ́ púpọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ mú àdúgbò mẹ́ta péré. Ẹni tó bá ń wo mẹ́wàá kì í wo ọ̀kankan dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Orúkọ ìlú náà ti sọ ọ́: abẹ́ òkúta ni. Àpáta ló wà nísàlẹ̀, ibi tí àpáta bá sì ti sún mọ́ òkè, kànga kì í jìn, omi rẹ̀ kì í pẹ́. Ẹ lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kí owó sì wọlẹ̀ láìrí omi, nígbà tí ilé kejì ń fa omi lọ ràì. Omi ẹ̀rọ ìjọba láti Arákàngà wà, àmọ́ ẹ má fọkàn tẹ̀ ẹ́ àfi bí ẹ bá fojú ara yín rí i tó ń dà lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Oṣù kejì tàbí oṣù kẹta ni kí ẹ wá wo kànga, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú. Kànga tí ẹ bá wò ní oṣù kẹsàn-án, gbogbo wọn ló lómi. Báyìí lẹ ṣe máa wò ó:

Ẹ mú okùn gígùn kan dání, ẹ so òkúta tó tó ìkúùkù mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ sọ ọ́ sínú kànga títí okùn á fi dẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ fà á jáde, kí ẹ wọn ibi tó tutù. Kànga tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, mítà kan omi inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lítà 650. Ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ń lo lítà 50 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo 300 lóòjọ́. Mítà kan kò ju omi ọjọ́ méjì lọ nìyẹn bí kò bá sun padà.

Nítorí náà ẹ wò bó ṣe ń sun. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ará ilé, ẹ fa garawa mẹ́wàá, kí ẹ fi okùn wọn ibi tí omi wá sí, kí ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí méjì kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tíì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, tí ayálégbé mẹ́rin sì ń bọ̀ wá pín in, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó máa jí bá láàárọ̀.

Ẹ tún wo ibi tí sọ́kàwéè wà. Ó yẹ kí mítà 30 wà láàárín òun àti kànga. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120 kò gùn ju mítà 36 lọ, torí náà àfi bí kànga bá wà níwájú pátápátá tí sọ́kàwéè sì wà lẹ́yìn pátápátá. Kódà bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún yọjú wo ẹ̀yìn ọgbà ti aládùúgbò, torí sọ́kàwéè rẹ̀ lè wà lẹ́bàá kànga yín. Omi irú kànga bẹ́ẹ̀, ẹ máa sè é kí ẹ tó mu ún, ìfọṣọ nìkan ni kí ẹ máa lò ó fún láìsè.

Bí ilé kò bá ní omi rárá, ẹ ṣírò rẹ̀. Lítà 300 jẹ́ kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjìlá lóòjọ́, 360 lóṣù. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé náírà 100 ni mẹ́rúwà ń ta kẹ́ẹ̀gì kan níbẹ̀: 36,000 lóṣù, 432,000 lọ́dún. Ilé tí wọ́n pè ní 600,000 tí kò lómi ti di 1,032,000 nìyẹn, ilé 800,000 tó ní kànga tó ń sun dáadáa wá dín sí i. Ẹ fi iye tí mẹ́rúwà àdúgbò yẹn ń gbà gan-an rọ́pò 100 wa yìí, kí ẹ sì tún ìṣírò náà ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àgbàrá àti odò

Odò Ògùn ń gba inú ìlú kọjá ní ìhà Láfẹ́nwá àti Ẹnu-Gàdà, ìdídò Ọ̀yán sì wà lókè. Bí omi bá kún ìdídò náà lẹ́yìn òjò púpọ̀, wọ́n máa ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, odò á sì gòkè fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ìyẹn máa ń fúnni láyè díẹ̀ láti sá. Àgbàrá òjò gan-an ló burú jù, torí inú wákàtí kan ló ń ṣe tirẹ̀: omi ń sáré láti orí àpáta wá sílẹ̀, ojú gọ́tà àti afárá kékeré ti dí pẹ̀lú pàǹtírí, ó wá di pé ọjà àti ilé ni omi ń gbà kọjá. Àgbàrá oṣù keje ọdún 2018 gbé ènìyàn lọ nínú ìlú yìí, àwọn tó sì fara gbá a pọ̀ ní àwọn ibi tó rẹlẹ̀.

Ẹ má bi ájẹ́ǹtì bóyá omi ń wọlé. Ẹ wo ara ògiri tí wọn kò tíì kùn, ní ẹ̀yìn ilé tàbí ní ilé kejì: ilà aláwọ̀ ilẹ̀ tó lọ tààrà lára ògiri níbi orúnkún, omi ló fà á. Ẹ wo bóyá wọ́n ti mọ bíríkì kékeré dí ẹnu ọ̀nà, bóyá fíríìjì àti bẹ́ẹ̀dì ilé kejì wà lórí búlọ́ọ̀kù. Bí ilé mẹ́ta bá ti mọ ẹnu ọ̀nà wọn sókè, ẹ má tún bèèrè ìbéèrè mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ rìn wálẹ̀ lórí òpópónà yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún títí ẹ ó fi dé ibi tó rẹlẹ̀ jù. Bí ẹ bá bá odò kékeré tàbí gọ́tà ńlá níbẹ̀, ẹ wo iye ẹsẹ̀ bàtà tí ilé tí ẹ fẹ́ gbà fi ga jù ú lọ. Ìyá tó ń ta àkàrà tàbí àgbàdo ní oríta ni ẹ ó bi. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, ẹ kí wọn dáadáa: "Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ilé kan la fẹ́ gbà níbí. Òjò ọdún tó kọjá, ibo lomi dé?" Ẹni tó ń dá yín lóhùn níbẹ̀ kò ní èrè kankan nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn rẹ̀ fi ṣeé gbà gbọ́.

Orí òkè náà ní ìyọnu tirẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ lè gùn ún nígbà òjò, bóyá táńkà omi lè dé ibẹ̀, bóyá ìyá àgbàlagbà tó wà nínú ẹbí yín lè rìn ín. Bí ẹ bá wà ní ìhà Ọ̀dẹ̀dá, ẹ bèèrè bóyá ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta wà nítòsí àti ìgbà tí wọ́n ń yin àpáta. Ògiri tó sán láti igun fèrèsé gòkè lọ síbi àjà lè jẹ́ iṣẹ́ wọn.

Iná

Èyí kò gùn. IBEDC ló ń pín iná fún Abẹ́òkúta. Ẹ bèèrè báńdì tí òpópónà yẹn wà: A ni wákàtí 20 iná lóòjọ́ ó kéré tán, B ni 16, C ni 12, D ni 8, E ni 4. Owó tí A fi ń ra yúnítì kan pọ̀ gan-an, torí náà ẹni tó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ẹ̀rọ ìlọta gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ kó tó yọ̀. Kí ẹ tó san owó ilé, ẹ gba nọ́ńbà mítà, kí ẹ fi náírà 1,000 ra iná sí i lórí fóònù. Bí wọ́n bá yọ gbèsè kúrò nínú rẹ̀, ẹni tó kó jáde ló jẹ ẹ́, onílé ló sì gbọ́dọ̀ san án kí ẹ tó wọlé. Ní àdúgbò tuntun, ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n ń dáwó tiransifọ́mà lọ́wọ́, torí ayálégbé náà máa ń san níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ààbò

Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, àti ìdájí ní aago márùn-ún ààbọ̀, ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde. Alẹ́ ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó ń jókòó ní oríta, ìdájí ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ bóyá obìnrin lè dá rìn títí dé ojú títì.

Ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn ti gba ẹ̀mí púpọ̀ l'Abẹ́òkúta, kò sì dúró sí àdúgbò kan, torí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé adúgbò báyìí-báyìí kò ní irú rẹ̀ láéláé ń tan yín. Ohun tí ẹ lè wò ni àmì. Ẹ bi oníkẹ́mísítì ìgbà tó ń ti ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ń tì í ní aago méje nígbà tí ti òpópónà kejì ń ṣí di mẹ́wàá, ẹ bi í ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ wo ara ògiri ilé tí wọn kò kọ́ parí fún àwọn ìkọ̀wé àti àmì tí ọ̀dọ́ máa ń kọ. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń ti géètì òpópónà lóru, aago mélòó, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bí aláìsàn bá wà. Ìbéèrè kẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ kì í bèèrè títí di òru tí obìnrin bá fẹ́ bímọ.

Ẹ mọ ẹni tó ń ṣọ́ àdúgbò: fijilantí tí àdúgbò gbà, So-Safe (ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn), tàbí Àmọ̀tẹ́kùn, àti iye tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù. Àdúgbò tí kò gba kọ́bọ̀ fún ìṣọ́ kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wà ní Ẹléwéẹran, ṣùgbọ́n tẹ́ṣàn tó sún mọ́ yín ni ẹ nílò nọ́ńbà rẹ̀.

Ilé tó kẹ́yìn sí igbó, ẹ fi í sílẹ̀, kódà bí owó rẹ̀ bá jẹ́ ìdajì. Ẹ jẹ́ kó tó ilé mẹ́rin sí márùn-ún tí èèyàn ń gbé láàárín yín àti igbó. Ẹ sì má fi alẹ́ rin àwọn ọ̀nà àbáwọ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìṣèlú, láti ẹnu ọ̀nà lọ sókè

Bí èèyàn bá gbọ́ ìṣèlú, gómìnà ló máa ń rò. Àmọ́ ìjọba tó ń fọwọ́ kan ayálégbé lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ láti òpópónà.

CDA ni àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí àwọn onílé ń darí. Wọ́n ló ń dáwó gọ́tà, géètì àti iná ojú títì, wọ́n ló ń parí ìjà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ akọ̀wé wọn ohun mẹ́rin: owó oṣù, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé, ọjọ́ ìpàdé, àti bóyá ayálégbé lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi rìsíìtì oṣù tó kọjá hàn yín. CDA tó ní rìsíìtì tó ní nọ́ńbà, tó sì ń kà ìṣirò owó níwájú ìpàdé, ẹ lè bá wọn gbé. Níbi tí alága kan ṣoṣo ti ń gbowó láìsí ìwé, ìjà ń bọ̀, ẹ kò sì ní mọ apá tí ẹ máa gbè sí.

Èkejì ni ọba àti baálẹ̀. Abẹ́òkúta tí Ẹ̀gbá tẹ̀dó ní 1830 kì í ṣe ti ọba kan. Aláké ló ṣíwájú, Ọ̀ṣílẹ̀ wà fún Òkè-Ọnà, Àgùrá fún Gbágùrá, Olówu fún Òwu, Olúbarà sì wà fún Ìbarà. Ẹ mọ èyí tí àdúgbò yín wà lábẹ́ rẹ̀ àti ẹni tó jẹ́ baálẹ̀. Bí ẹjọ́ baálẹ̀ méjì tàbí ẹbí ọmọ onílẹ̀ méjì bá wà lórí ilẹ̀ náà, ilé tí ẹ fẹ́ gbà lè bọ́ sáàárín. Òfin ìpínlẹ̀ Ògùn ti 2016 ka gbígba ilẹ̀ tipátipá léèwọ̀, síbẹ̀ kí ẹ má wọ ilé tí wọ́n kọ "ilé yìí kì í ṣe títà, ẹjọ́ wà" sí lára sàn ju kí ẹ máa fi òfin gbèjà ara yín lọ. Nípa ilẹ̀ rírà, ẹ má rà á ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé ibẹ̀, kí ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀, kí sọ̀fíyọ̀ tó wá gbé nọ́ńbà ìwé ìwọ̀n rẹ̀ lọ yẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìjọba bóyá ó wà nínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà.

Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìpínlẹ̀ yìí kò fì sápá kan tó bí àwọn kan ṣe rò. Nínú ìdìbò gómìnà oṣù kẹta ọdún 2023, ìbò 276,298 ni Dapo Abiodun ti APC ní, Ladi Adebutu ti PDP ní 262,383: ìyàtọ̀ 13,915 péré. Èyí já sí pé nínú ìlú kan náà, òpópónà kan lè fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí, kí èkejì fẹ́ràn ìkejì. Ẹ lè mọ ti àdúgbò yín láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí IReV, ojú-òpó tí INEC ń gbé ìwé èsì ìdìbò sí, ẹ yan Ògùn, ẹ yan ìjọba ìbílẹ̀, ẹ yan wọ́ọ̀dù, kí ẹ wá ibùdó ìdìbò tó sún mọ́ ilé náà jù. Fọ́tò ìwé èsì ibẹ̀ ni ẹ ó rí. Ẹ wo mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yí àdúgbò ká. Bí ẹgbẹ́ kan bá kó gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ mìíràn yóò gbé ibẹ̀ ní àlàáfíà bó bá mọ ibi tó ti ń sọ̀rọ̀. Bí ìbò bá pín sí méjì gbọgba, ẹ bi àwọn ará àdúgbò bí ọjọ́ ìdìbò ṣe rí níbẹ̀. Ní ti ìjọba ìbílẹ̀, APC ló gba ipò alága gbogbo ogún nínú ìdìbò oṣù kọkànlá 2024, torí náà yíyan ìjọba ìbílẹ̀ kan dípò òmíràn nítorí ẹgbẹ́ kò yí nǹkan padà.

Ohun tó yẹ kí ẹ sá fún gan-an ni ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ibi tí àwọn jàǹdùkú olóṣèlú ń jókòó sí, àti onílé tó ń lé ayálégbé nítorí fọ́tò tó wà lára ọkọ̀ wọn. Ẹ bi ayálégbé tó wà níbẹ̀ nígbà ìdìbò tó kọjá.

Ẹ̀kẹrin, ìṣẹ̀ṣe àti ẹ̀sìn. Ní ìlú àtijọ́, Orò máa ń jáde, obìnrin kì í sì í jáde nígbà náà. Ẹ bèèrè àkókò rẹ̀, ẹ bèèrè bóyá òru nìkan ni tàbí ọ̀sán pẹ̀lú. Ìyá tó ń lọ síṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó gbalé ní ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló máa fara gbá a. Ẹ wo ibi tí gbohùngbohùn mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì dojú kọ. Àwọn onílé mìíràn ń fẹ́ ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kan nìkan. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń bèèrè, ẹ dúpẹ́ kí ẹ máa lọ, torí ìyẹn sàn ju kí ẹ mọ̀ lẹ́yìn tí owó ti wọlé.

Ohun kan kù tó ń dun ọ̀pọ̀ òbí nígbà tó bá pẹ́: gbígbé Abẹ́òkúta kò sọ ọmọ di ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń bèèrè fún owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìjọba, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ baba ọmọ ni ẹ ó ti gbà á. Ẹ gbà á kí ẹ tó kó, ìrìn àjò padà sílé lè ṣòro lẹ́yìn náà.

Ìgbésẹ̀ keje: owó àti ìwé

Owó àkọ́kọ́ kì í jẹ́ owó ilé nìkan. Ájẹ́ǹtì máa ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, àgírímẹ́ǹtì ìdá mẹ́wàá mìíràn, onílé tún lè gba owó ìdúró fún ohun tó bá bàjẹ́. Bí ìyẹn náà bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá, ilé 600,000 lè gba 780,000 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yàtọ̀ sí ọkọ̀ àti owó CDA. Bí ájẹ́ǹtì mẹ́ta bá wà lórí ilé kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n yanjú ìpín wọn níwájú yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má baà san án lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ rí onílé fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tó fún ní ìwé àṣẹ. Ẹ ní kó fi ìwé ilẹ̀ hàn yín, kí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ti orí rìsíìtì mu. Ẹ bi ayálégbé kan níbẹ̀ ẹni tó ń sanwó fún. Owó ilé tí ẹ san fún àbúrò onílé láìsí ìwé àṣẹ kì í ṣe owó ilé bí ẹ̀gbọ́n bá padà dé.

Ọdún kan ni kí ẹ san, kì í ṣe méjì, bó ti wù kí wọ́n dín in kù tó. Nínú àgírímẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, ẹni tó ń kó sọ́kàwéè, iye oṣù ìkìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lé ẹnikẹ́ni. Bí ìwé kò bá sọ nǹkan kan, ayálégbé ọlọ́dọọdún máa ń ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, àmọ́ ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí lè dín in kù, torí náà ẹ ka ìlà yẹn kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ ìkẹ́rù àti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Láti Èkó, ẹ bá dírẹ́bà sọ ọ̀nà tó máa gbà. Títì Ṣàngó-Òtà gba Ìfọ̀ àti Ìtórí ti ń bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ bèèrè bó ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn dé Ṣàgámù, kí wọ́n yà sí Ṣíún àti Kóbapẹ́, gùn díẹ̀, àmọ́ ẹrù kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́. Ẹ gbéra ní ìdájí kí ilẹ̀ má ṣú bá yín. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ, ìwé ìyípadà láti ilé ìwé àtijọ́ àti ìwé ìbí, inú báàgì tí ìyá gbé dání ni kí wọ́n wà, kì í ṣe inú ọkọ̀ ẹrù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn padà, ẹ ya fọ́tò mítà àti gbogbo ibi tó ti sán lára ògiri, ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ yẹn kí ọjọ́ máa wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí bàbá àti ìyá jọ lọ kí alága CDA àti baálẹ̀, kí wọ́n san owó ìwọlé, kí wọ́n gba rìsíìtì. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fijilantí sára ilẹ̀kùn kíṣìnì níbi tí ọmọ lè kà á. Nínú ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìwé ẹni tó ní àìsàn láti ṣí fáìlì, kí ara tó ni ẹnikẹ́ni. Ẹ wá yan ọjọ́ tí ẹ ó lọ bèèrè ìyípadà ibùdó ìdìbò lọ́dọ̀ INEC. Wọ́n máa ń ti ìforúkọsílẹ̀ pa kí ìdìbò tó dé, ẹni tí kò bá yí i padà ní àkókò yóò tún wọ mọ́tò lọ sí Èkó lọ́jọ́ ìdìbò, ọjọ́ tí mọ́tò kì í rìn.